Ọjọ́ Kan fún Chichén Itzá àti Valladolid: Báwo Ni Kí A Ṣe Pín In?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọkọ mi àti ìyá mi tí ó jẹ́ ẹni ọdún 68 yóò lo ọ̀sẹ̀ kan ní Cancún, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a lè yọ sọ́tọ̀ láti fi wo ahoro ìlú àwọn Maya, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àti àwọn ìlú tí àwọn ará Sípéènì kọ́ nígbà ìjọba amúnisìn. Ilé-iṣẹ́ kan sọ pé àwọn yóò fi bọ́ọ̀sì wá gbé wa ní agogo méje àárọ̀, pé a ó rí Chichén Itzá, a ó lúwẹ̀ẹ́ nínú kànga àbáláyé kan, ihò ilẹ̀ olómi tí kì í ṣe ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ, a ó dé Valladolid, a ó sì tún dé Izamal kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé èyí ṣeé ṣe? Kí ni kí a bi wọ́n kí a tó sanwó? Ǹjẹ́ ìyá mi lè bá wa lọ?

ÌDÁHÙN: Bọ́ọ̀sì lè gba ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò ní rí èyíkéyìí nínú wọn dáadáa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú méjì: kí ẹ wà ní Chichén Itzá ní òwúrọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sán wo Valladolid. Màmá lè bá yín lọ, yóò sì gbádùn rẹ̀, bí ẹ bá ti lè gbéra kí oòrùn tó mú.

Ọ̀nà ni n ó kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni ó ń ba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Láti Cancún dé Chichén Itzá tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Ọ̀nà márosẹ̀ tí a ń sanwó kí a tó gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní 180D, ni ó yá jù lọ, ọkọ̀ tí kò bá sì dúró níbì kankan yóò lò tó wákàtí méjì àbọ̀ lórí rẹ̀. Valladolid wà lójú ọ̀nà yìí kan náà, nígbà tí ó bá ku nǹkan bí 45 kìlómítà kí ẹ dé Chichén Itzá, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti yà síbẹ̀ bí ẹ bá ń padà bọ̀. Izamal ní tirẹ̀ wà níwájú Chichén Itzá, ní apá ìwọ̀-oòrùn, bí ẹni ń lọ sí Mérida, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Yucatán, ó sì tó nǹkan bí 70 kìlómítà sí i. Ẹni tí ó ti Cancún wá tí ó sì fẹ́ dé ibẹ̀ yóò fi ilé sẹ́yìn fún wákàtí kan sí i, yóò sì tún fi wákàtí kan náà padà, gbogbo àkókò tí ó yẹ kí ó fi rìn nínú ìlú ni yóò lò lórí ìjókòó ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í fura sí. Ìpínlẹ̀ Quintana Roo ni Cancún wà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Yucatán ni Chichén Itzá àti Valladolid wà. Quintana Roo yí aago rẹ̀ padà ní ọdún 2015, láti ìgbà tí ìjọba Mẹ́síkò sì ti fòpin sí àṣà yíyí aago padà fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní 2022, wákàtí kan ni aago Cancún fi ń ṣíwájú ti Yucatán láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá. Nígbà tí aago bá lu mẹ́sàn-án ní Cancún, mẹ́jọ ni ó lù ní Chichén Itzá, agogo mẹ́jọ yìí gan-an ni wọ́n sì ń ṣí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kúrò ní Cancún ní agogo mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ẹ óò dé bí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì tí ó bá wá gbé yín ní agogo méje kò ní lọ tààrà. Yóò máa ya ilé ìtura kan sí òmíràn láti kó èrò, yóò sì sábà dúró ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà fún àlejò. Mo ti bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ rí. A lo wákàtí kan gbáko nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè fún, nígbà tí a sì dé ahoro náà, oòrùn ti dé àtàrí, èrò ti kún, amọ̀nà wa sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn mí gidigidi, nítorí arúgbó méjì wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí ibẹ̀ nìkan.

Ní Chichén Itzá, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fún yín ní ohun tí ó dín sí wákàtí méjì àbọ̀. Ohun tí ojú yín yóò kọ́kọ́ rí ni pírámíìdì Kukulcán, òrìṣà ejò àwọn Maya, èyí tí àwọn ará Sípéènì sọ ní El Castillo. Ó ga tó nǹkan bí 30 mítà bí a bá ka ilé òrìṣà tí ó wà ní orí rẹ̀ mọ́ ọn. Àtẹ̀gùn 91 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan; bí a bá ka ti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí a sì fi pèpéle òkè kún un, ó di 365, iye ọjọ́ tí ó wà nínú ọdún. Ní àkókò tí ọ̀sán àti òru ń gùn bákan náà, nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, òjìji àwọn igun pírámíìdì náà máa ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn bí ara ejò tí ń rọra sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá bá orí ejò tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ sí ìsàlẹ̀. Èmi kì í gba ẹni tí ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo nímọ̀ràn láti lọ ní ọjọ́ náà, nítorí èrò máa ń pọ̀ débi pé ọrùn ẹlòmíràn ni ènìyàn yóò máa wò. Pírámíìdì kan tí ó dàgbà jù ú lọ wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ìtẹ́ kan ní àwọn ọdún 1930, tí wọ́n gbẹ́ bí ẹranko jágúà, tí wọ́n kùn ní pupa. Kò sí àyè fún àlejò láti wọlé lọ wò ó, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kí ó gun pírámíìdì náà mọ́, ó ti pẹ́. Nítorí náà, màmá kò ní pàdánù ohunkóhun tí àwọn ọ̀dọ́ rí. Ẹ ní kí ó dúró níwájú àtẹ̀gùn, kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbohùngbohùn tí yóò dá a lóhùn dà bí igbe ẹyẹ.

Pápá eré bọ́ọ̀lù ni kí ẹ tẹ̀ lé e. Ó gùn tó 168 mítà, ó fẹ̀ tó 70 mítà, òrùka òkúta sì wà lókè lára ògiri rẹ̀ méjèèjì. Ẹ sún mọ́ àwọn àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ óò rí eléré kan tí wọ́n ti bẹ́ lórí, tí ejò ń yọ jáde láti ọrùn rẹ̀ dípò ẹ̀jẹ̀. Ibí yìí ni a ti ń mọ amọ̀nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí yóò sọ ohun tí àwọn onímọ̀ rí àti ohun tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí, kò kàn ní sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ láti fi dẹ́rù ba àlejò.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ kan tí àwọn Maya fi òkúta tẹ́ gba abẹ́ igi lọ sí kànga mímọ́, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 60 mítà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í mú àlejò dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni kọ́kọ́rọ́ ìlú náà. Ìtumọ̀ Chichén Itzá ni “ẹnu kànga àwọn Itzá”, ẹ̀yà kan nínú àwọn Maya. Òkúta ẹfun ni ilẹ̀ Yucatán, òjò tí ó bá rọ̀ sí i ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi sí odò tí ń ṣàn lórí ilẹ̀ ní apá àríwá rẹ̀. Níbi tí òrùlé ihò abẹ́ ilẹ̀ bá ti jìn, omi á hàn. Ibi tí omi bá sì hàn sí ni àwọn ènìyàn tẹ̀dó sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Edward Thompson, ará Amẹ́ríkà tí ó ra ilẹ̀ náà, gbọ́n inú kànga yìí, ó sì rí wúrà, òkúta iyebíye, tùràrí àti egungun ènìyàn. Ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ní yunifásítì Harvard. Díẹ̀ ti padà sí Mẹ́síkò láti ìgbà náà.

Kànga ìlúwẹ̀ẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yín dárúkọ lè jẹ́ Ik Kil, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta lọ sí ahoro náà. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ojú omi rẹ̀ jìn tó 26 mítà sí ojú ilẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta tí ó tutù ni a ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bí orúnkún màmá kò bá le, kí ó jókòó sókè, kí ó máa wo yín. Wọn yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ kí ìpara ara yín má baà ba omi jẹ́, wọn yóò sì fún yín ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wákàtí kan ti tó.

Valladolid ni ó kù, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàn yín níbẹ̀. Ahoro àti ìlú amúnisìn tí ẹ pè ní méjì nínú ìbéèrè yín, ìtàn kan ṣoṣo ni. Ní nǹkan bí ọdún 1532, Chichén Itzá gan-an ni àwọn ará Sípéènì kọ́kọ́ fẹ́ sọ di ìlú tiwọn. Wọ́n pè é ní Ciudad Real, ṣùgbọ́n àwọn Maya lé wọn kúrò níbẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n padà wá. Ní 1543, wọ́n dá Valladolid sílẹ̀ ní ibòmíràn, ní 1545 wọ́n sì ṣí i wá sórí Zací, ìlú àwọn Maya, wọ́n wó àwọn ilé tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n fi òkúta wọn kọ́ tiwọn. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró ní gbàgede ìlú, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Gervasio, ẹ rántí àwọn ògiri tí ẹ rí ní òwúrọ̀.

Ẹ rìn tàbí kí ẹ wọ takisí lọ sí San Bernardino de Siena, ilé ńlá tí àwọn àlùfáà Franciscan ti Ìjọ Àgùdà kọ́ láàárín 1552 àti 1560. Ògiri rẹ̀ nípọn bí ti odi ogun, orí kànga àbáláyé ni wọ́n sì kọ́ ọ sí, kí omi má baà wọ́n wọn. Nínú kànga náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àwọn ìbọn àtijọ́, ìrántí ogun tí àwọn Maya gbé dìde sí ìjọba ní 1847. Valladolid ni àwọn aláṣẹ ti pa Manuel Antonio Ay, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àwọn Maya, ní oṣù keje ọdún náà. Ní 1848, àwọn Maya gba ìlú náà, ìjọba Mẹ́síkò kò sì kéde pé ogun ti parí títí di 1901. Amọ̀nà tí ó bá mú yín wọ inú ìlú yìí láì sọ èyí, ilé aláwọ̀ mèremère lásán ni ó fi hàn yín.

Izamal kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a fojú rénà. Ó dùn mí láti yọ ọ́. Ìlú tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè ni, orí pèpéle pírámíìdì Maya ni wọ́n gbé ilé àwọn àlùfáà ibẹ̀ kà, pírámíìdì Kinich Kak Moo tí ó wà nítòsí ibẹ̀ sì ṣì ṣeé gùn. Ṣùgbọ́n láti Mérida ni ó ti rọrùn jù láti dé ibẹ̀. Bí ẹ bá tún padà wá, kí ẹ sùn ní Mérida.

Ní ti owó, ẹ bèèrè bóyá iye tí wọ́n pè fún yín ti kó owó ìwọlé Chichén Itzá mọ́ra. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kó o mọ́ ọn. Apá méjì ni owó náà, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, àlejò láti òkè òkun sì ń san ju ọmọ ilẹ̀ lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ ti ju 600 pésò lọ fún ẹnì kan, ẹ sì mú pésò lówó. Ẹ bèèrè bóyá amọ̀nà ní káàdì ìdánimọ̀ tí iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ń fún wọn, tí wọ́n máa ń fi kọ́rùn. Ẹ tún bèèrè èdè tí yóò sọ: bí ó bá jẹ́ pé yóò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ní èdè Sípáníìṣì kí ó tó tún un sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì àkókò yín ti lọ. Ẹ̀yin mẹ́ta lè gba ọkọ̀ kékeré àti awakọ̀ fúnra yín, kí ẹ sì gba amọ̀nà tí ó ní káàdì ní ẹnu ọ̀nà ahoro náà. Yóò wọ́n ju bọ́ọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ óò máa pàṣẹ aago.

Ilẹ̀ ahoro náà tẹ́jú, erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni, ibòji kò sì pọ̀ ní àyíká pírámíìdì. Kí màmá wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, kí ó dé fìlà tí ó gbòòrò, kí ẹ sì gbé omi dání. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni ara ń tù jù. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ni ooru ń mú jù, ní àkókò yẹn ó yẹ kí ẹ ti jáde ní ahoro náà ní agogo mọ́kànlá. Bí ẹ bá kúrò ní Valladolid ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, agogo márùn-ún ti lù ní Cancún nìyẹn. Ẹ fi wákàtí méjì kún un, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó máa retí yín.