Ìbéèrè Yín: Ẹ́ńjìnnì wo ni kó wọnú jíìpù àtijọ́?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì sì ni gbogbo wọn. Èyí tó wúwo jù la fi síwájú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Land Cruiser FJ45 ọdún 1978 ni mo fi ń kó pákó jáde nínú igbó wá sí sọ́ọ̀mìlì. Ẹ́ńjìnnì 2F rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì, ó ń tú èéfín búlúù, kò sì lè gun òkè mọ́ bí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì Camry sí i, èkejì ní kí n wá 1HZ onídísù. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ gbé ti Camry jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ńṣe ni ẹ́ńjìnnì Camry dábùú nínú ọkọ̀, tayà iwájú ló sì ń wà. Ti Land Cruiser dojú kọ iwájú, gíábọ́ọ̀sì tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn, pùròpẹ́là méjì ń ti ibẹ̀ jáde. Bọ́ńtì wọn ò pàdé, ọpọ́n ọ́ìlì Camry á máa jà pẹ̀lú àkísù iwájú, kọ̀ǹpútà àti wáyà rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bá a wá. Pé ó kún Ládípọ̀ fọ́fọ́ kò sọ pé ó bá ọkọ̀ yín mu.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe 2F yẹn. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ló ń tú èéfín búlúù, tàbí ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, síìlì fáàfù ló ti gbó. Owó kékeré nìyẹn. Bó bá ń tú u ní gbogbo ìgbà tó bá ru ẹrù, ríìngì ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí wọ́n tú plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹnì kan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ dé ìdí, kí wọ́n wá fi geeji wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n (bí síláńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó; psi ni wọ́n fi ń kà á). 2F tó dá ṣáká máa ń tó nǹkan bí 150 psi. Bí síláńdà kan bá ti já sí ìsàlẹ̀ 115, tàbí tí ìyàtọ̀ láàárín síláńdà méjì bá ju 15 lọ, iṣẹ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú èyí tó rẹlẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìngì ló jẹ̀bi. Bó bá dúró síbi tó wà, fáàfù tàbí gáàsìkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ wò.

Bí blọ́ọ̀kù ò bá tíì sán, 2F kan náà la ó ní kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ́ńjìnnì irin ni, 4,230 cc, gíà ló ń yí kámù rẹ̀, kò sí bẹ́líìtì tó máa já mọ́ yín lọ́wọ́ nínú igbó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbi àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n gbé blọ́ọ̀kù lọ fún tọ́ọ̀nà kó gé síláńdà, kí wọ́n tó máa wá písítìnnì kiri. Ẹ ra písítìnnì náà ná, ì báà jẹ́ èyí tó fi 0.50 tàbí 1.00 mìlímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ kó o lé tọ́ọ̀nà lọ́wọ́, kó wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó gé. Tó bá gé e tán tí ẹ ò rí sáìsì yẹn rà mọ́, ẹ ti sọ blọ́ọ̀kù gidi di àlòkù irin.

Bí blọ́ọ̀kù bá ti sán, ẹ wá ẹ́ńjìnnì 3F tòkunbọ̀, àbúrò 2F. 3,955 cc ni, ibi tí 2F ti dè mọ́ bẹliháósì (ilé irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì) ni òun náà ń dè, ó sì máa ń yára sáré ju 2F lọ.

Ó wá ku 1HZ, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì pọ̀. Ká má parọ́, ó bá iṣẹ́ yín mu: dísù síláńdà mẹ́fà, 4,164 cc, kò ní kọ̀ǹpútà, agbára rẹ̀ sì ti ń jáde nílẹ̀ kó tó sáré. Ṣùgbọ́n owó ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n sọ fún yín. Bẹliháósì 2F ò gbà á, torí náà tòun ti gíábọ́ọ̀sì àti transfer rẹ̀ (èyí tó ń pín agbára sí tayà iwájú àti ẹ̀yìn) ni kẹ́ ẹ rà á. Bí ìyẹn bá wọlé tán, wẹ́dà gbọ́dọ̀ gé pùròpẹ́là tàbí kó fi kún un, kí wọ́n sì báláǹsì rẹ̀. Tánkì pẹ́tírólù fẹ́ fífọ̀, páìpù tí dísù ń gbà padà sí tánkì gbọ́dọ̀ wà, fíltà tó ń ya omi sọ́tọ̀ náà ò ṣeé fojú fò. Dísù inú kẹ́ẹ̀gì tí à ń gbé wọ igbó kì í wà láìní omi, omi yẹn ló sì ń pa pọ́ọ̀ǹpù. Ẹ wo ara sítátà: 12V ni tàbí 24V? Àwọn tòkunbọ̀ onídísù kan láti Jàpáàn, 24V ni wọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé búréèkì. Ẹ́ńjìnnì pẹ́tírólù ló ń fa afẹ́fẹ́ tó ń ran pẹ́dà yín lọ́wọ́. Dísù ò ní irú ẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù fákúọ̀mù ló ń ṣe é fún un. Lára ẹ́ńjìnnì mìíràn, ẹ̀yìn alternator ló wà, lára òmíràn ó dá dúró. Bí oníṣòwò bá ti tú u tà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ yín ni yóò sọ fún yín lórí gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, pẹ́dà á le bí òkúta.

Bẹ́líìtì ló ń yí kámù 1HZ, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 100,000 kìlómítà. Ẹ ò mọ iye tí tòkunbọ̀ ti rìn, torí náà ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì àti tensioner rẹ̀ (èyí tó ń mú bẹ́líìtì le) nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀; tó bá já, písítìnnì á kọlu fáàfù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ká fi tọ́bò kún un, ẹ dákẹ́ ẹ má dáhùn. Orí ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń sán tí ooru bá pọ̀ jù fún un.

Ẹ́ńjìnnì yòówù tó bá wọlé, kí ẹ tó jó sítì rẹ̀ pa, ẹ wo àyè tó wà láàárín ọpọ́n ọ́ìlì àti àkísù iwájú. Ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ gọbọi mọ́ orí àkísù (ẹ̀bà àná tí wọ́n fi gààrí Ìjẹ̀bú tẹ̀ náà ń ṣe é, bí ìyàwó ilé ò bá rí yín), kí ẹ di ẹrù rù ú, kí ẹ wà á gba inú kòtò kan lọ́ra. Tí amọ̀ bá ti pẹlẹbẹ bí owó bébà, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè sí i.

Pé dísù á dín owó epo kù? Lóòótọ́, 2F kì í sábà rìn ju kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà lórí lítà kan. Ṣùgbọ́n dísù wọ́n ju pẹ́tírólù lọ lọ́wọ́lọ́wọ́, owó ìpààrọ̀ náà kò sì ní tètè padà. Àtúnṣe 2F la dúró lé.

Land Rover Series III bàbá wa, ọdún 1976, ẹ́ńjìnnì pẹ́tírólù 2.25, ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. A fẹ́ kó gbé àwọn àgbà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa lọ sí Ojúde Ọba. Àbúrò mi ní ká fi 200Tdi, ẹ́ńjìnnì dísù onítọ́bò ti Land Rover, sí i. — Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò yín mọ nǹkan kan: 200Tdi, tó jáde lọ́dún 1989, ń dè mọ́ gíábọ́ọ̀sì Series wẹ́rẹ́, torí ẹbí kan náà ni blọ́ọ̀kù wọn. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Nǹkan bí 163 Nm ni 2.25 ń fi yí gíábọ́ọ̀sì, 200Tdi ń fi 265 yí i. Ọ̀pá inú àkísù ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ kán. Dífù 4.7 (gíà inú àkísù) tó wà nínú rẹ̀ á tún jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ké ní 80 kìlómítà lórí títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, àfi tí ẹ bá wá dífù 3.54 ti Range Rover sí i. Ìrìn ẹṣin sì lẹ fẹ́ rìn lọ́jọ́ Ojúde Ọba! Ẹ tún 2.25 ṣe.

Ẹ má fi sítátà yí i o. Ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kọ̀ọ̀kan sínú ihò wọn, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ yí i pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń wíǹdì láti iwájú. Tó bá yí láìhá, ẹ fa pẹ́tírólù àtijọ́ dànù, ẹ fọ kàbùrétọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà búréèkì. Rèdíétọ̀ ni kẹ́ ẹ náwó lé jù: láàárín èrò, níbi tí ọkọ̀ ti ń rá, afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́ sí i ju ti fáànù lọ. Bí blọ́ọ̀kù bá ti bàjẹ́, 2.25 tí wọ́n ṣe láti ọdún 1980 wá ni kẹ́ ẹ bèèrè, bẹ́rìn-ín máàrún ló gbé kíránkì rẹ̀, mẹ́ta ni tiyín.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lára ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kí n tó sanwó? — Ṣàgámù

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bí ọ́ìlì bá rí bíi mílíìkì, omi ti wọ ọ́. Ẹ fi sípánà yí kíránkì yípo méjì. Kò gbọdọ̀ há níbì kan. Ẹ ti púlì rẹ̀ síwá-sẹ́yìn, tó bá ń dún kọ̀-kọ̀, ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá tan án, tí èéfín ń tú jáde níbi ìdérí ọ́ìlì bí ìkòkò tó ń hó, ríìngì ti tán. Bó bá jẹ́ dísù, geeji pẹ́tírólù ò lè wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n rẹ̀, torí èyí tó dára máa ń ju 400 psi lọ. Ẹ mú geeji ti dísù dání. Ẹ ka nọ́ńbà ara blọ́ọ̀kù fúnra yín, kí oníṣòwò kọ ọ́ sínú rìsíìtì bó ṣe rí gẹ́lẹ́, torí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, rìsíìtì yẹn lẹ ó sì mú lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì kí wọ́n lè yí i padà.