Ẹ Bi Wá: Lẹ́kítọ̀ ní gúrúùpù ò ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ní wọn ò kọ́ àwọn mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́kítọ̀ ni mí, ẹkọnọ́míìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọlọ́dún kìíní, wọ́n lé ní igba nínú họ́ọ̀lù kan. Wọ́n á há demand and supply (bí ọjà táwọn èèyàn fẹ́ rà àti èyí tí wọ́n fẹ́ tà ṣe ń pinnu owó ọjà) sórí wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí n bá bi wọ́n pé kí ló dé tí tòmátò fi wọ́n, ẹnu wọn á wọhò. Mo pín wọn sí gúrúùpù, ẹnì kan péré ló ń ṣiṣẹ́, àwọn tó kù kàn kọ orúkọ sí i ni. Ó ti sú mi.

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kó sú yín jàre. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún wọn ló níṣòro, gúrúùpù kọ́. Iṣẹ́ tí ẹnì kan lè dá ṣe nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan náà ló máa ṣe é, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀ wọ́n tó. Iṣẹ́ tí ò ní ṣeé ṣe rárá tí ẹlòmíì ò bá sí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n nájà nínú họ́ọ̀lù yẹn. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Edward Chamberlin, prófẹ́sọ̀ ẹkọnọ́míìsì ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ti dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1948, ṣùgbọ́n ńṣe ni kálukú ń rìn kiri tó ń ná tiẹ̀ ní kọ̀rọ̀, iye tí wọ́n ń tà á ò sì bá ohun tí tíọ́rì sọ mu, pé owó ọjà máa dúró síbi tí ọjà tí wọ́n fẹ́ rà àti èyí tí wọ́n fẹ́ tà bá ti dọ́gba. Vernon Smith wà lára àwọn ọmọ tó nájà yẹn. Nígbà tóun náà di lẹ́kítọ̀ ní yunifásítì Purdue, lọ́dún 1956, ó ní kí àwọn tiẹ̀ máa pariwo iye tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo kíláàsì gbọ́, kí wọ́n sì tún ọjà náà ná lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i, bí iye yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ibi tí tíọ́rì ní kó wà nìyẹn. Iṣẹ́ tó tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ẹkọnọ́míìsì lọ́dún 2002.

Ẹ pe ogún ọmọ síwájú, mẹ́wàá á tà, mẹ́wàá á rà. Ẹ kọ 200, 300, 400 títí dé 1,100 sórí káàdì fún àwọn tó ń tà, nọ́ńbà kan fún ẹnì kan, iye tó ná wọn nìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á kó dín sí i. Ẹ kọ iye kan náà fún àwọn tó ń rà, ìyẹn ni òpin owó ọwọ́ wọn. Ọjà kan ṣoṣo fún ẹnì kan, kẹ́nikẹ́ni má fi káàdì ẹ̀ hàn. Kí àwọn tó jókòó kọ́kọ́ kọ ibi tí wọ́n rò pé iye náà máa já sí, kí wọ́n wá máa kọ gbogbo iye tí wọ́n bá tà á. Ẹ má tíì ya àwòrán kankan sí bọ́ọ̀dù o, mo bẹ̀ yín! Tí wọ́n bá ti ná an bí ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ó rí i pé àárín 600 sí 700 ló ń wọ́ sí, bí èèyàn márùn-ún ló sì máa rí tiẹ̀ tà. Ẹ wá ní kí wọ́n ṣí káàdì, ẹ to àwọn tó ń rà láti orí owó tó pọ̀ jù, ẹ to àwọn tó ń tà láti orí èyí tó kéré jù, àwòrán demand and supply tí wọ́n ń há sórí látọjọ́ yìí ló dúró níwájú wọn yẹn.

Ibi tó dùn jù ló kù. Ẹ ní ìjọba ti pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ ju 400 lọ, kí wọ́n tún un ná. Àwọn mẹ́ta péré ló máa lè tà, àwọn mẹ́jọ á sì máa du ọjà mẹ́ta yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló máa ń fa ìlà nílé epo nígbà tí ìjọba ṣì ń dá iye lé epo, ẹ ó gbọ́ àlàyé.

Ní ti máàkì, ẹ má fún gúrúùpù ní máàkì kan náà. Kí kálukú dá ojú ewé kan kọ níbẹ̀, kó tó jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́kítọ̀ físíìsì wa ò kọ́ wa mọ́, gbogbo ìgbà ni “ẹ bá ẹni tó jókòó tì yín jiyàn”. Ṣé ká kọ́ ara wa la ṣe san school fees ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ara ń ta ẹ́, mo mọ̀. Eric Mazur, prófẹ́sọ̀ físíìsì, bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní Harvard lọ́dún 1991, torí ó rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀ lè fi fọ́múlà ṣe ìṣirò tó le, ṣùgbọ́n ìbéèrè kékeré tí ò ní nọ́ńbà nínú ń dà wọ́n láàmú. Ó á béèrè, kálukú á dáhùn, wọ́n á bá ara wọn jiyàn, wọ́n á tún dáhùn. Lọ́dún 2019 àwọn kan ṣèwádìí ní Harvard yẹn náà, àwọn ọmọ tó jọ ṣiṣẹ́ ní kíláàsì físíìsì ní àwọn rò pé àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ nǹkan tó àwọn tó jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀, àmọ́ tẹ́ẹ̀sì fi hàn pé àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ló mọ̀ ọ́n jù.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbèjà ọ̀lẹ o. Lẹ́yìn iyàn yẹn, ṣé ó máa ń padà wá ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn tó kùnà fi kùnà? Tó bá ń ṣe é, ó ń kọ́ yín. Tó bá kàn pín tọ́píìkì fún yín láti wá ṣe presentation, tóun wá ń tẹ fóònù títí sẹ̀mẹ́sítà fi parí, ẹ ní kí course rep yín lọ bá HOD, kó fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, kó sì kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ dání.