Íkábódù: kí ni orúkọ yìí ń sọ gan-an?

Ẹnì kan béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń gbọ́ tí àwọn oníwàásù ń ké ‘Íkábódù’ bí wọ́n bá ń bá ìjọ wí. Ṣé èpè ni, àbí orúkọ èèyàn?”

Orúkọ èèyàn ni. Orúkọ ìkókó ni, kò sì sí èpè nínú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n fi ń gégùn-ún, nítorí ẹnu obìnrin tó ń kú lọ lórí ìkúnlẹ̀ ló ti jáde.

Ìtàn náà wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí 4. Ísírẹ́lì ń bá àwọn Filísínì jagun, wọ́n sì gbé àpótí májẹ̀mú, àpótí mímọ́ tó dúró fún wíwà Ọlọ́run láàárín wọn, lọ sójú ogun pé yóò gbà wọ́n. Ọmọ ogun 30,000 ló kú, àpótí bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, Hófínì àti Fíníhásì, ọmọ Élì àlùfáà, bá ogun lọ. Élì ti di ẹni ọdún 98, kò ríran mọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ní Ṣílò ló jókòó sí tí ìròyìn fi dé. Ìgbà tí wọ́n dárúkọ àpótí ló ṣubú sẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Oyún ìyàwó Fíníhásì ti tó bí. Bó ṣe gbọ́ báyìí, ìrọbí mú un. Àwọn obìnrin tó dúró tì í ní, “Má bẹ̀rù, ọkùnrin lo bí.” Kò dá wọn lóhùn. Ó sọ ọmọ náà ní I-kavod, tí àwa ń pè ní Íkábódù, ó ní ògo ti kúrò ní Ísírẹ́lì.

Kavod ni ògo lédè Hébérù. Lẹ́tà mẹ́ta ni gbòǹgbò rẹ̀, k, b, d, wíwúwo ni wọ́n sì ń sọ. Bí àwa náà ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà wúwo, bẹ́ẹ̀ ni Hébérù ṣe ka ògo sí ohun tó ní ìwọ̀n. Ẹ wá padà síbi ikú Élì: ìwé ní ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ torí pé ó ti darúgbó, ó sì wúwo. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn náà ló wà nínú ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò fún “wúwo” níbẹ̀! Ẹni tó wúwo wó lulẹ̀, kò pẹ́ sí i, ògo lọ. Nínú Bíbélì Yorùbá, èyí ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

“I” tó ṣáájú ló fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ní “kò sí” ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ gbọ́ igbe nínú rẹ̀, wọ́n kọ “ouai”, bí ẹni ń ké “ó mà ṣe o!” Àwọn mìíràn ní “dà?” ni: Ògo dà? Èyí ni mo fara mọ́. Orúkọ Jésíbẹ́lì jọ ọ́, I-zevel, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń túmọ̀ sí “Ọmọọba dà?” Nínú àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde ní Ras Shamra ní Síríà ní 1929, irú ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ òrìṣà Báálì. Ìbéèrè ẹni tó ń wá nǹkan rẹ̀ tó sọnù ni.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ “kò sí” náà ni, ṣé àwa kò ní Kòsọ́kọ́ ni? Ọba Èkó kan jẹ́ ẹ. A ní Babarímisá pẹ̀lú, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní kété tí wọ́n bí i. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí ìyàwó Fíníhásì rí nílé ló sọ.

Ọ̀rọ̀ tó lò fún “kúrò”, galah, ni mo fẹ́ kí àwọn oníwàásù wò dáadáa. Òun náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n kó nígbèkùn. Kò ní ògo kú. Ó ní ó lọ sígbèkùn. Oṣù 7 péré ni àpótí lò lọ́dọ̀ àwọn Filísínì tí wọ́n fi dá a padà fúnra wọn.

Ìyá náà kò rí i. Ṣùgbọ́n ní orí 14, nígbà Sọ́ọ̀lù, àlùfáà kan wà ní ibùdó ogun tó wọ éfódì, ẹ̀wù iṣẹ́ àlùfáà, Áhíjà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Áhítúbù. Kí a lè mọ ẹni tí Áhítúbù í ṣe, ìwé pè é ní arákùnrin Íkábódù.