Èsì: Ṣé epo 93 á mú kí Camry má jẹpo?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kí ẹ máa ra 93 dípò 87 sínú Camry yín kí epo lè tọ́jọ́. Rárá o, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò.

Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ epo ní Amẹ́ríkà níbí kì í ṣe ìwọ̀n agbára epo. Ohun tó ń sọ ni bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tó, láìjẹ́ pé ó gbiná fúnra rẹ̀. Tó bá gbiná bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ kọ-kọ-kọ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ́ńjìnnì tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ ga, àti ọ̀pọ̀ tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì), ló nílò 91 tàbí 93. 87 ni Toyota ní kí wọ́n máa lò sínú Camry. Ẹgbẹ́ awakọ̀ AAA dán epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga wò ní 2016: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 87 ò rí àǹfààní gidi kan níbẹ̀.

Àwọn kan á ní 93 ń fọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ilé epo tó bá lẹ àmì “Top Tier” ni kẹ́ ẹ lọ, 87 wọn náà ní èròjà tó ń fọ̀ ọ́.

Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí tí kò bá tó, ọkọ̀ á máa jẹpo.