Ẹ má tíì ra ámpìlífáyà 1000 watt yẹn o

Bọ̀dá Kubwa, mo rí ìbéèrè yín. Sípíkà méjì tó jẹ́ 8 ohm (òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó), ámpìlífáyà sítẹ́rìó 50 watt, àti wúfà home theatre tí DVD ẹ̀ ti kú, ẹ fẹ́ so wúfà yẹn mọ́ ojú kan náà tẹ́ ẹ so sípíkà mọ́, oníṣọ́ọ̀bù wá ní àfi kẹ́ ẹ ra ámpìlífáyà 1000 watt kó tó lè gbé gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di owó yẹn mú ná.

1000 watt yẹn gan-an, ara páálí ló wà, kò sí nínú ámpìlífáyà. PMPO ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, iye tí wọ́n fi ń polówó ọjà lásán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó yí i padà kó wo ibi tí wọ́n kọ 220V sí lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n máa ń kọ iye iná tó ń fà síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 120 watt ló ń fà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, níbo ló ti fẹ́ rí 1000 tó fẹ́ gbé jáde? RMS ni kẹ́ ẹ máa bèèrè, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró, tí oníṣọ́ọ̀bù ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ṣọ́ọ̀bù ò wọ́n ní Banex, ọjà ẹ̀rọ Àbújá.

Ọ̀rọ̀ wúfà yẹn ló ká mi lára jù. Wúfà home theatre kì í sábà ní ámpìlífáyà tiẹ̀, inú DVD yẹn ni agbára ẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sẹ́ ohùn fún un bí ẹni ń sẹ́ ògì, kí báàsì nìkan lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá so ó mọ́ ámpìlífáyà tààrà, ohùn akọrin o, gángan o, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ o, gbogbo ẹ̀ ló máa fẹ́ gba inú wúfà jáde, á kàn máa dún wúruwùru ni. Èyí tó tún burú jù ni ohm. Ọ̀pọ̀ wúfà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3 tàbí 4 ohm, ẹ so 8 àti 4 pọ̀ lójú kan náà, kò ní di 12 o, ó máa wálẹ̀ sí bíi 2.7 ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ámpìlífáyà ilé pé kò gbọdọ̀ kéré sí 4. Bí ohm bá ṣe ń wálẹ̀ ni iná tó ń gba inú transistor (ẹ̀yà inú ámpìlífáyà tó ń fún ohùn lágbára) kọjá ń pọ̀ sí i, ooru á mú un, ooru Àbújá ti oṣù kẹta sí ìkẹrin náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó ní protection, ohun tó ń dáàbò bò ó, á máa pa iná ara ẹ̀, èyí tí ò ní á jó. Mo ti ṣí èyí tó kú irú ikú yìí ní Lugbe, ní Nyanya, àti ní Kaduna nígbà tí mo ṣì ń gbébẹ̀, òórùn kan náà ni gbogbo wọn ń rùn.

Active ni kẹ́ ẹ rà, wúfà tó ní ámpìlífáyà tiẹ̀ nínú. Tí ámpìlífáyà yín bá ní ihò sub out, ìyẹn ihò tí ohùn wúfà ń gbà jáde, wáyà RCA kan, irú èyí tí wọ́n fi ń so DVD mọ́ tẹlifíṣàn, ti parí ẹ̀. Tí ò bá ní, ẹ wá èyí tó ní high level input, ẹ fa wáyà láti ojú sípíkà lọ sínú ẹ̀, ohun tó ń mu níbẹ̀ kéré débi pé ámpìlífáyà ò ní mọ̀ rárá. 50 watt yín ti tó. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní 50 lọ sí 100, 3 dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ké tó) péré lẹ máa rí. Sípíkà tí sensitivity ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ké tó lórí watt kan, jẹ́ 90 máa ń fi 50 watt ké tó èyí tó jẹ́ 87 tó ń jẹ 100, àmọ́ ìyẹn lẹnikẹ́ni kì í bèèrè lọ́jà.

Crossover, ìyẹn ibi tí wúfà ti ń gba báàsì lọ́wọ́ sípíkà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì, bíi 41 Hz ló ti ń ké, sípíkà kékeré ò lè débẹ̀ dáadáa, wúfà ló ń bá a gbé e. Ẹ tan jùjú tẹ́ ẹ mọ̀ dénú, kẹ́ ẹ máa dín wúfà kù títí tẹ́ ẹ ò fi ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibí ni báàsì ti ń wá. Àwọn tó fẹ́ kí wíńdò máa gbọ̀n, ti wọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa yí phase lára wúfà, èyí tó ń mú kí wúfà àti sípíkà máa gbọ̀n pọ̀, láàárín 0 sí 180 nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó, èyí tí báàsì bá ti kún jù ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ńkọ́? Ẹ gbé wúfà sórí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, ẹ tan orin, kẹ́ ẹ wá máa rákò ká pálọ̀, ibi tí báàsì bá ti mọ́ létí yín ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Màdáámù á rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ máa rà, ti Amẹ́ríkà 120V ni, ti Jàpáánì 100V, ẹ ò gbọdọ̀ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fóltéèjì kù. Tí ínfátà yín ò bá jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA, ẹ lè máa gbọ́ húùùù nínú wúfà, ẹ má dá a padà fún ẹni tó tà á o, kò ṣẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ámpìlífáyà yín síbí ká wo ihò tó ní, ká tó sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà.