Èsì: Ìjàpá omi elétí pupa tó ti tóbi jù

Ẹ má tú u sódò o. Ẹ ní ìjàpá omi elétí pupa yín ti tóbi ju àpótí dígí omi rẹ̀ lọ, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ tú u sódò. Bí irú rẹ̀ ṣe gba odò olódò náà nìyẹn. Àwọn èèyàn rà á nígbà tó ṣe bí owó ẹyọ, ó dàgbà, ó sú wọn, wọ́n sì tú u sódò.

Agbègbè odò Mississippi ní Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Níbòmíràn, ṣe ló ń ti àwọn ìjàpá ìbílẹ̀ kúrò lórí igi tí wọ́n ti ń yá oòrùn. Ó sì lè lò ju 30 ọdún lọ láyé!

Bí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà yín láyè, ẹ wá ike ńlá fún un, tàbí kí ẹ fà á lé ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn lọ́wọ́. Ní Jàpáánì, láti oṣù kẹfà 2023, wọ́n ṣì lè sìn ín, àmọ́ títà á àti títú u sílẹ̀ ti di èèwọ̀.