Èsì: Òòbẹ̀ inú àjà, ẹ má fọ́n oògùn sí wọn

Ẹ kú ìnira o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní òòbẹ̀ ń dún lórí àjà yín, òórùn wọn ti gbalé, ẹ sì fẹ́ fọ́n ọ̀tápíápíá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Inú àjà náà ni wọ́n máa kú sí, òórùn yẹn á sì burú ju tìsinsìnyí lọ.

Nírọ̀lẹ́, ẹ dúró síta kí ẹ máa wo abẹ́ páànù, kí ẹ lè mọ ihò tí wọ́n ń gbà jáde. Ihò tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ti tó wọn. Nígbà tí wọ́n wà ní àjà tiwa, ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà dúdú, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ìgbẹ́ wọn bí ti eku sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ dí àwọn ihò yòókù. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo èyí tí wọ́n ń lò, ẹ kàn án lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó wálẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Wọ́n á rá sísàlẹ̀ jáde. Tí wọ́n bá dé, ẹnu ihò ni wọ́n á fò lọ bá, nẹ́ẹ̀tì ò sì ní jẹ́ kí wọ́n wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ ò bá rí èyí tó ń jáde mọ́, ẹ fi sìmẹ́ńtì dí i.

Àmọ́ tí ọmọ tí kò tíì lè fò bá wà níbẹ̀, ẹ ní sùúrù ná. Tí ìyá bá há síta, ebi ló máa pa ọmọ.

Ẹ wọ́n omi sí ìgbẹ́ wọn kí ẹ tó gbá a, kí ẹ sì bo imú. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fọwọ́ lásán mú wọn. Tó bá gé èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi kíákíá, ó di ọsibítù lọ́jọ́ náà.